Ṣé Ẹ Ń Sọ fún Wa Ni, àbí Ẹ Ń Bi Wá?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Áàpù kan wà tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀, tí mo sì ń gba ohùn sílẹ̀ sí, láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ṣe é wá kéde pé àwọn máa yọ apá tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ kúrò pátápátá. Apá yẹn gan-an ni mo ń lò jù. Ó yẹ kí inú bí mi gidigidi. Ṣebí inú ti bí mi rí lórí ohun tí kò tó nǹkan: ilé-iṣẹ́ kan gbé bọ́tìnì kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, mo sì fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan ráhùn lé e lórí. Àmọ́ eléyìí tó já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ńṣe ni mo kó ẹrù mi, mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo bá tèmi lọ. Kí ló dé tí n kò bínú?

Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá ó ti sú mi ni. Ẹni tó bá ti pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ti sin áàpù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ro ó síwá sẹ́yìn, ìpàdé kan báyìí tí àwọn tó ṣe áàpù náà pè lórí fídíò ni ọkàn mi ń padà sí, àti ìbéèrè kan tí ẹnì kan béèrè níbẹ̀.

## Ìbéèrè bàbá

Ìpàdé náà ti ń gbóná kó tó kan bàbá yẹn. Obìnrin tó ń darí rẹ̀ ti fi àwòrán oríṣiríṣi hàn wá, ó sì ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé èrò wa ṣe pàtàkì sí àwọn, pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn wa. Àwa náà sì ń fún un ní èrò. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa gba owó díẹ̀ lé e. Òmíràn ní kí wọ́n dín gígùn ohùn tí ènìyàn lè gbà kù. Ọkùnrin kan ti kọ ìpínrọ̀ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ fídíò, ó fi ìṣirò sí i, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè fún ohùn pọ̀ kó má baà gba ààyè.

Bàbá kan nawọ́. Kámẹ́rà rẹ̀ kọjú sí àjà, ìdajì iwájú orí rẹ̀ nìkan la ń rí. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ṣé ẹ ń sọ fún wa ni, àbí ẹ ń bi wá?”

Gbogbo wa dákẹ́. Obìnrin náà wo ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí ọ̀gá kọ ránṣẹ́ sí i lójú kọ̀ǹpútà mìíràn. Lẹ́yìn náà ló pa àwòrán tó ń fi hàn wá dé, tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ní: “Bàbá, à ń sọ fún yín ni. A ti pinnu, mi ò sì ní tàn yín pé ó lè yí padà. Owó tí títọ́jú ohùn yìí ń ná wa pọ̀ ju èyí tó ń mú wọlé lọ, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí yìí ni ìwọ̀nba náà. Ẹ̀yin ló máa dùn jù. Ohun tí ẹ ṣì lè bá wa dá sí ni iye àkókò tí ẹ nílò láti kó ohùn yín jáde, àti irú fáìlì tí ẹ fẹ́ kí a kó o sí fún yín.”

Bàbá ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ti fáìlì.”

Mo ń wò ó báyìí, ọkùnrin tó kọ ìpínrọ̀ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ òmíràn tí kò ju ìlà kan lọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí a gba ohùn kọ̀ọ̀kan hàn lára orúkọ fáìlì rẹ̀. Wọ́n gbà. Ẹlòmíràn ní àkókò tí wọ́n dá ti kéré jù fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lágbára. Wọ́n fi kún un. N kò sọ pé inú gbogbo ènìyàn dùn o. Ẹnì kan sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, ó sì jáde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti dáhùn ni ìpàdé náà ti di ìpàdé gidi, nítorí pé olúkúlùkù ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tó bá sọ ti lè wúlò.

## Àpérò lẹ́yìn ìpinnu

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìbéèrè bàbá yẹn wọn ìkéde tí kò dùn mọ́ni nínú. Ó sì yà mí lẹ́nu bí ó ṣe jẹ́ pé ìkéde tó dá wàhálà ńlá sílẹ̀ kì í sábà dáhùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ á ti pinnu tán, wọ́n á wá gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń gbàmọ̀ràn. Bí ẹni tó ti ta ilé ẹbí, tó ti gbowó, tó wá ń pe mọ̀lẹ́bí jọ pé kí ni kí a ṣe sí ilé yìí. Owó ilé nìkan kọ́ ló ń dun mọ̀lẹ́bí nígbà tí àṣírí bá tú. Ìjókòó tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń ronú, tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tó ti lọ, á dùn wọ́n pẹ̀lú.

Ẹ wo ti Reddit, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń kóra jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́ láti sọ̀rọ̀, lọ́dún 2023. Ní oṣù kẹrin ni wọ́n kéde pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gba API wọn wọlé, ìyẹn ọ̀nà tí áàpù mìíràn fi ń fa ọ̀rọ̀ inú Reddit jáde. Ìdí tí Steve Huffman, ọ̀gá àgbà wọn, sọ kò ṣòro láti lóye: àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ sórí Reddit kọ́ ẹ̀rọ wọn lọ́gbọ́n, wọn kò sì san kọ́bọ̀. Àmọ́ bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Ní ìparí oṣù karùn-ún, Christian Selig, ẹni tó ṣe áàpù Apollo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka Reddit, jẹ́ kí ayé mọ iye tó máa kan òun: nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún. Ọjọ́ 1 oṣù keje ni owó náà máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti gba owó ọdún kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 30 láti fi wá irú owó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, Huffman jókòó pé òun fẹ́ dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń lo Reddit. Lójú, àpérò ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ló rọ́ wọlé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló dáhùn, kò sì sí èyí nínú ìdáhùn náà tó yí iye owó tàbí ọjọ́ padà. Ní ọjọ́ 12, àwọn ẹgbẹ́ inú Reddit tó lé ní 8,000 ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn tó ti ilẹ̀kùn yẹn, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́tà tí Huffman kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde síta lẹ́yìn náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ariwo yìí náà máa kọjá lọ, bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe kọjá. Apollo kógbá sílé ní ọjọ́ 30 oṣù náà.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé apá kan ọ̀rọ̀ náà ṣí sílẹ̀ lóòótọ́. Reddit gbà kí àwọn áàpù kan tí àwọn afọ́jú ń lò, tí kì í ṣe ti òwò, máa bá iṣẹ́ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó yẹ kí àwọn ènìyàn ti jà, kí wọ́n sì rí nǹkan gbà, nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ ìyẹn láàárín ariwo? Gbogbo agbára wọn ló lọ sára ilẹ̀kùn tí Reddit ti tì pa, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó ti wà ní títì.

## Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe àlàyé

Àwọn kan gbà pé bí a bá ti lè tọrọ àforíjì dáadáa, ọ̀rọ̀ á tutù. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2011, Netflix ya fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ kúrò lára DVD tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ń san dọ́là 9.99 fún méjèèjì wá di ẹni tó ń san 15.98. Inú bí àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án, Reed Hastings, ọ̀gá àgbà wọn nígbà náà, kọ lẹ́tà, ó ní òun ti ṣe àṣìṣe, pé òun jẹ gbogbo ènìyàn ní àlàyé. Lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á dópin á rí i pé owó náà kò yí padà rárá, àti pé ìròyìn mìíràn wà nínú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó béèrè: ẹ̀ka DVD máa di ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Qwikster, pẹ̀lú ìkànnì tirẹ̀ àti ìwé owó tirẹ̀. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi fagi lé Qwikster. Nígbà tí wọ́n ṣírò oṣù mẹ́ta yẹn, àwọn oníbàárà wọn ní Amẹ́ríkà ti fi nǹkan bí 800,000 dín kù.

Ẹ̀bẹ̀ náà lè ti ọkàn rẹ̀ wá, n kò mọ inú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí a ń bẹ̀ fẹ́ mọ̀: ṣé ẹ máa dá owó mi padà sí bó ṣe wà ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kí n máa san án pẹ̀lú ẹ̀rín? Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Oníbàárà tó ń bínú ṣì mọ ìwé kà.

Facebook tètè rí èyí kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn rí màbo. Nígbà tí wọ́n gbé News Feed, ojú ìwé tó ń kó ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹni ń ṣe jọ, jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, àwọn tó ń lò ó figbe ta pé wọ́n ń tú àṣírí àwọn síta. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Mark Zuckerberg kọ ni pé kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n mí, pé àwọn ń gbọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bínú pé kó fara balẹ̀, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe! Láàárín ọjọ́ mélòó kan ló tún kọ òmíràn. Nínú ìyẹn, ó gbà pé àwọn ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ó sì fún wọn ní ọ̀nà tí olúkúlùkù lè gbà yan ohun tí àwọn ẹlòmíràn máa rí. News Feed fúnra rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ẹni tó bá ka lẹ́tà kejì yẹn mọ ohun tó ṣẹ́ kù fún un láti jà fún.

## Ta ló ṣe láǹfààní?

Ohun kan tún wà nínú ìdáhùn obìnrin yẹn tí mi ò tètè kíyè sí. Kò sọ pé nítorí tiwa ni wọ́n ṣe fẹ́ yọ ọ́. Ó ní owó ni. Ó tún ní àwa ló máa dùn jù.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ilé-iṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. “Kí a lè túbọ̀ ṣe dáadáa fún yín” ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń kà á á sì máa wá ibi tí dáadáa náà wà títí ojú á fi máa ta á. Mo rò pé ìtìjú ló ń fà á, àti àwọn lọ́yà. Wọ́n tún gbà pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Òwe náà dára láàárín ẹni méjì tó mọ ara wọn. Tí a bá sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, olúkúlùkù ló máa fi tirẹ̀ kún un: ẹnì kan á ní wọ́n fẹ́ ta ilé-iṣẹ́ náà ni, òmíràn á ní wọ́n ti ń ta àkọsílẹ̀ wa. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó máa dára tó òtítọ́ tí wọ́n ń fi pamọ́.

Kí n má baà parọ́, òtítọ́ kì í sọ ìpinnu tó korò di èyí tó dùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Google kéde pé Google Reader, ibi tí ènìyàn ti ń ka ohun tuntun láti oríṣiríṣi ìkànnì lójú kan, máa kógbá sílé ní ọjọ́ 1 oṣù keje. Wọ́n sọ ìdí rẹ̀: àwọn tó ń lò ó ti dín kù. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sì fi ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kó ohun tó ní jáde hàn. Síbẹ̀, àwọn tó lé ní 100,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, títí di òní ni àwọn kan ṣì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣọ̀fọ̀ ni. Wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Feedly àti ibòmíràn kí ọjọ́ tó pé.

## Kí ilẹ̀ tó ṣú

Àkókò wà lára ìdáhùn sí ìbéèrè bàbá pẹ̀lú. Bí a bá sọ fún mi lónìí pé ọ̀la ni, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù fún mi láti dá sí.

Mozilla, àwọn tó ṣe aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Firefox, jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn. Àwọn àfikún àtijọ́ inú Firefox lè wọnú gbogbo kọ̀rọ̀ aṣàwákiri náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀ kó lè yá, kó sì ní ààbò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn àfikún yẹn máa kásẹ̀ nílẹ̀. Firefox 57 tó kọ̀ wọ́n jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2017, ó lé ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ àfikún bínú, àwọn kan sì fi Firefox sílẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ṣì ti ń gba ti àtijọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wọ́n bá òun lójijì ṣá.

Ti Python 2, ẹ̀dà àtijọ́ èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé àwọn ò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di 2014, wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ò tíì ṣetán, wọ́n sún un sí 2020. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan tó ṣí sílẹ̀. Pé Python 2 máa lọ kò ṣí sílẹ̀ rí, bí ẹkún ṣe lè pọ̀ tó, nígbà tí 2020 sì dé, ó lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa sọ: bí a bá tètè sọ̀rọ̀, àwọn tí a jọ ń díje á gbọ́, àwọn oníbàárà á sì ti máa lọ kí ọjọ́ tó pé. Òótọ́ ni. Àwọn tó fẹ́ lọ á lọ. Èmi náà lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó lo àwọn ohun mìíràn tí ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe.

## Nígbà tí ariwo bá ṣí ilẹ̀kùn

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni kí wọ́n sọ pé ilẹ̀kùn ti tì, kí ariwo sì wá ṣí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Unity, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, kéde pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òun máa gba owó lórí gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá gbé géèmù tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì òun ṣe sórí ẹ̀rọ, bí géèmù náà bá ti kọjá ìwọ̀n kan. Ó kan géèmù tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ṣe géèmù wá rántí pé lọ́dún 2019, Unity ti ṣèlérí pé ẹni tó bá ń lo ẹ̀dà kan lè dúró lórí àdéhùn ẹ̀dà náà, wọ́n tilẹ̀ gbé àdéhùn náà sórí GitHub kí gbogbo ènìyàn lè máa rí ohun tó bá yí padà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ wò ó, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìkéde náà, lẹ́tà mìíràn dé: àwọn tó ń lo ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kò ní san án, kò ní kan ẹ̀dà tó ti wà tẹ́lẹ̀, ènìyàn sì lè yàn láti san 2.5% nínú owó tó ń wọlé dípò rẹ̀. Ọ̀gá àgbà fi ipò sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Àyípadà náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ àwọn ènìyàn ni mo ń rò: pé “a ti pinnu” túmọ̀ sí “ẹ kò tíì pariwo tó.” Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní èyí, ariwo ni wọ́n á máa fi kí i nígbà gbogbo, kódà lórí ohun tí kò lè yí padà láéláé.

Ó gba odindi ọdún kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ọ̀gá tuntun, Matt Bromberg, fagi lé owó náà pátápátá fún àwọn tó ń ṣe géèmù. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ pé owó àwọn ẹ̀dà olówó wọn máa lé sí i, ti Unity Pro 8%, ti Enterprise 25%, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ó tún sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn á máa wo ọ̀rọ̀ owó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Ìròyìn àfikún owó ni, wọ́n sì pè é ní àfikún owó. N kò rí i kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀. Àwọn tó ti kó iṣẹ́ wọn lọ sí ẹ́ńjìnnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní Godot lọ́dún tó ṣáájú ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ nígbà náà, lẹ́tà náà kò sì sọ ohunkóhun nípa wọn.